Àmì Kan Lẹ́yìn Àbàtà

Nígbà tí Alhája Ganiyat fẹ̀yìntì, tí ọmọ rẹ̀ sì wá láti Ìbàdàn wá kó ẹrù rẹ̀, Ìyábọ̀dé Ọdẹ́tọ́lá bá wọn di àwo, ó bá wọn ti fìríìjì sínú ọkọ̀, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí ọkọ̀ náà fi yà ní kọ́nà. Kò sunkún. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, nígbà tó gbé kúlà àjẹsára kọ́ èjìká, tó jáde nílé ìwòsàn tó sì dé ẹnu géètì àkọ́kọ́, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé òun kò mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún onílé.

Alhája ló máa ń sọ ọ́. Àwọn méjèèjì ti jọ ń rìn láti ìgbà tí Ayọ̀bọ̀ ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́, tí ilé inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Alhája á kan géètì, á kí tọmọdé tàgbà, á bá ajá wọn wí, á sì ti mọ iye ọmọ tó wà nínú ilé kí wọ́n tó fún un ní àga jókòó. Ìyábọ̀dé á ṣí kúlà, á kán àjẹsára rọpárọsẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu, á fi máákà kun èékánná rẹ̀. Tí wọ́n bá jáde, Alhája á máa sọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn títí wọn yóò fi dé ilé tó kàn. Ìyábọ̀dé á máa rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rẹ́ wọn nìyẹn.

Ilé kò fi bẹ́ẹ̀ sàn fún un. Ó ń gbé ní Baruwa, nínú ilé oníyàrá méjì tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kó wọ̀ nígbà tí ara wọn ṣì le. Wòlíì ni ọkọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì rán an lọ sí Kútọnu láti lọ tọ́jú ìjọ tuntun kan, wọ́n ní kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìjọ náà dàgbà, ọkọ rẹ̀ kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, kò sì padà wá mọ́. Wọn kò kọ ara wọn sílẹ̀, wọn kò sì gbé pọ̀. Ó máa ń pè ní ọdún Àjíǹde àti ní Kérésì, á gbàdúrà fún un lórí fóònù, Ìyábọ̀dé á ní àmín, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Ìfẹ́olúwa, ti lọ́kọ sí Àbújá. Lọ́jọ́ ìsinmi, Ìyábọ̀dé á wọ sùtánà, á fẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo èèyàn á máa kí i ní Ìyá Nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ìsìn, oníkálukú á kó ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Òun náà á lọ, á tan tẹlifíṣọ̀n kí ohùn lè wà nínú ilé, á sì wọ ibi ìdáná.

Kò pẹ́ tí Alhája lọ ni ètò tuntun dé sí ilé ìwòsàn. Wọ́n rán ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Promise sí wọn. Ùròbò ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹgbẹ́dá ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì dùn ju ti ọmọ onílẹ̀ lọ. Ó kó gbogbo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tó ti gba abẹ́rẹ́ láti ọdún mélòó kan sínú kọ̀ǹpútà. Ó wá ṣí àwòrán gbogbo àgbègbè náà, èyí tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run. Ìyábọ̀dé rí òrùlé, ó rí títì, ó rí ibi tí omi dúró sí.

“Ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ti gba abẹ́rẹ́, a ó fi àmì aláwọ̀ ewé sórí ilé tó ń gbé,” ni Promise sọ. “Ibi tí òrùlé bá wà tí kò sí àmì, ó ní láti jẹ́ pé a ò tíì débẹ̀ nìyẹn, àbí kó jẹ́ pé kò sọ́mọ níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa lọ wò ó fún wa.”

“Èmi àti ta ni?”

Promise na fóònù kan sí i. “Òṣìṣẹ́ ò tó, Mọ́mì. Fóònù yìí ni yóò máa bá yín rìn báyìí.”

Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó sì rẹ́rìn-ín. Ìyábọ̀dé náà rẹ́rìn-ín, ó gba fóònù náà, ó sì fi sínú àpò.

Iṣẹ́ náà kò le láti kọ́. Tó bá dé ẹnu ilé kan, á tẹ fóònù, fóònù á mọ ibi tó dúró sí, á sì gbé àmì síbẹ̀. Àdírẹ́sì tí àwọn ìyá ń sọ nílé ìwòsàn ló ń da iṣẹ́ rú. Ẹlòmíràn á ní òun ń gbé lẹ́yìn mọ́sálásí, ẹlòmíràn á ní ilé tó ní kànga níwájú, kànga náà á sì ti dí láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyábọ̀dé ń wá wọn kiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan géètì. Ohùn rẹ̀ kì í jáde dáadáa nígbà àkọ́kọ́, wọ́n sì máa ń rò pé ìwàásù ló bá wá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Promise á fi ọ̀nà tó rìn hàn án lójú kọ̀ǹpútà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ àdúgbò, tó yí po, tó sì padà.

“Ẹ rìn gan-an lónìí o.”

“Mo rìn.”

Ọjọ́ kan ni Promise pè é sídìí kọ̀ǹpútà. Ó fa àwòrán náà súnmọ́ ojú, ó gbé e kọjá ibi tí títì Ayọ̀bọ̀ parí sí, ó kọjá àwọn ilé tí wọn kò tíì kàn lórùlé, ó sì dúró síbi kan tó ṣókùnkùn.

“Mọ́mì, kí ló wà níbí?”

“Àbàtà ni. Kò séèyàn níbẹ̀.”

“Ẹ wò ó dáadáa ṣá.”

Ìyábọ̀dé tẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn àbàtà náà, lórí ilẹ̀ tó ga díẹ̀, àwọn òrùlé páànù wà níbẹ̀, wọ́n kéré, wọ́n fara ti ara wọn. Kò sí àmì aláwọ̀ ewé kankan lórí wọn. Àìmọye ìgbà ni òun àti Alhája ti dé etí omi náà, tí Alhája á ní orúnkún ń ro òun, tí wọ́n á sì yà sí ìdí ìbẹ́pẹ kan láti mu omi kí wọ́n tó padà. Wọn kò rí nǹkan kan ní òdìkejì ju ewé lọ.

“Mo rò pé kò séèyàn ni,” ló sọ.

Ọlọ́kadà tó gbé e lọ kò gbà láti kọjá ibi tí ilẹ̀ ti ń rọ̀. Ìyábọ̀dé bọ́ bàtà, ó sì gba orí pákó tí wọ́n tò sórí àbàtà. Pákó náà ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó rí òkìtì yanrìn, ó rí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fà sílẹ̀, ó rí ilé onípákó bíi mélòó kan àti aṣọ ọmọdé tí wọ́n sá sórí okùn. Àwọn ọkùnrin tó ń wa yanrìn nínú odò ló tẹ ibẹ̀ dó pẹ̀lú ìyàwó wọn, àwọn ará Ìsẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn.

Bó ṣe yọ fóònù jáde ni ọkùnrin kan gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀, tó sì dìde wá bá a.

“Màmá, kí lẹ̀ ń yà?”

“Mi ò ya nǹkan kan, ọmọ mi. Mo fẹ́ fi ibi tí ilé yín wà sórí máàpù ni, ká lè mú abẹ́rẹ́ àjẹsára wá fún àwọn ọmọ.”

“Bí wọ́n ṣe wí níbi tí a ti kúrò náà nìyẹn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ka ilé. Kò pẹ́ sígbà náà ni katapílà dé.”

“Ilé ìwòsàn ni mo ti wá.”

“Gbogbo wọn ló ń tibì kan wá, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ nǹkan kan níbí.”

Ọkùnrin náà kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ká ní Alhája ló wà níbẹ̀ ni, á ti bi í pé ọmọ ta ni nínú Ìsẹ́yìn, á ti mọ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan tó ń gbé ní Ìpájà. Ìyábọ̀dé dá fóònù padà sínú àpò, ó kí i pé ó kú iṣẹ́, ó sì yí padà síbi pákó.

Ẹnì kan ló pè é láti ilé tó kángun sí odò. “Màmá, ẹ wá mumi kí ẹ tó lọ. Oòrùn yìí pọ̀.”

Ọ̀dọ́bìnrin ni, kò lè tíì ju ọmọ ogún ọdún àti díẹ̀ lọ. Ó pọn ọmọ obìnrin jòjòló kan sẹ́yìn. Ọmọkùnrin kan jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ike epo ṣe ọkọ̀, ó sì ń fi ẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì. Ìyábọ̀dé jókòó lórí àpótí, ó mumi. Ó béèrè orúkọ rẹ̀.

“Hamdalah.” Ọ̀dọ́bìnrin náà rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í díẹ̀. “Ìyàwó ni gbogbo wọn ń pè mí níbí. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí léèrè.”

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti mú un wá. Ọkọ rẹ̀ ń bá àwọn tó ń wa yanrìn lọ sí odò mìíràn, lápá Ẹ̀pẹ́, ìgbà tó bá rọgbọ ló ń wálé. Àwọn obìnrin yòókù dàgbà jù ú lọ, wọ́n sì ń jáde lọ tajà láti àárọ̀. Òun nìkan ló máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ àti ariwo ọ̀pọ̀lọ́. Ṣàfíù ni ọmọkùnrin náà ń jẹ́. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń jẹ́ Sìkírátù. Kò sí èyí tó tíì gba abẹ́rẹ́ kankan nínú wọn.

“Ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí n fi àmì sí ilé tiyín nìkan?” ni Ìyábọ̀dé béèrè.

Hamdalah wo apá ibi tí ọkùnrin oníṣọ́bìrì wà. “Ẹ fi sí i,” ló dáhùn jẹ́jẹ́.

Bí ilé kan ṣoṣo ṣe wọ orí máàpù nìyẹn. Ìyábọ̀dé sọ fún un pé ọjọ́ Wẹ́sídeè ni ọjọ́ abẹ́rẹ́, kó gbé àwọn ọmọ wá. Hamdalah ní òun á wá. Ó sin Ìyábọ̀dé dé ibi pákó. Ṣàfíù náà tẹ̀lé wọn, ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ lórí iyẹ̀pẹ̀.

Ọjọ́ Wẹ́sídeè, ojú Ìyábọ̀dé kò kúrò lára géètì ilé ìwòsàn. Òjò ti rọ̀ láti àná, kò sì dá. Hamdalah kò wá. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, òjò náà ló tún rọ̀.

“Tí wọn ò bá lè wá, àwa la máa gbé e lọ,” ni Ìyábọ̀dé sọ fún Promise. Ṣùgbọ́n nígbà tí Promise fi ìlà ààlà sórí àwòrán náà, ó na ìka sí i.

“Wàhálà rèé o, Mọ́mì. Ẹ wo ibi tí àmì tí ẹ fi sílẹ̀ bọ́ sí.”

Odò kékeré kan ni ààlà láàárín Èkó àti Ògùn níbẹ̀. Ilé Hamdalah àti gbogbo àwọn òrùlé náà wà ní ìhà kejì ìlà. Ọ̀gá wọn ní kò sí bí wọ́n ṣe lè kó àjẹsára kọjá ààlà láìgba àṣẹ, wọ́n sì kọ̀wé sí àwọn elétò ìlera Ògùn. Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ti òdìkejì ní, lórí máàpù tiwọn, Èkó ni ibẹ̀ wà. Odò náà ti yí ọ̀nà rẹ̀ padà nígbà kan, oníkálukú sì fa ìlà tirẹ̀ síbi tó ti bá a. Kò sẹ́ni tó parọ́. Ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀.

Lásìkò yẹn, Ìyábọ̀dé máa ń pe Alhája nírọ̀lẹ́. Á fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Hamdalah fún un. Alhája á gbé e, ariwo àwọn ọmọ-ọmọ á kún inú fóònù.

“Ìyá Ìfẹ́, ṣé dáadáa ni? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀! Ìwọ ni mò ń bá wí! Ìyá Ìfẹ́, mò ń bọ̀, n ó pè yín padà.”

Ìgbà mìíràn ó máa ń pè padà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ìyábọ̀dé kò bínú sí i. Ó ṣì ń se ìrẹsì tó tó ẹni méjì, nítorí Alhája máa ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀ jẹun kó tó lọ sílé, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì gbàgbé. Á jẹ tirẹ̀, á bo ìyókù, á sì tún un jẹ ní àárọ̀.

Báyọ̀dé ló yanjú ọ̀rọ̀ náà níkẹyìn. Òun ni òṣìṣẹ́ àjẹsára ní abúlé tó súnmọ́ ibẹ̀ ní ìhà Ògùn. Promise wá nọ́ńbà rẹ̀ rí, ó sì pè é fún Ìyábọ̀dé.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ jàre,” ni Báyọ̀dé sọ. “Ẹ gba ọ̀nà tiyín, kí n gba tèmi, ká pàdé níbẹ̀. Tí a bá ti fún àwọn ọmọ tán, kí àwọn ọ̀gá wá máa wá ẹni tó ni wọ́n.”

Àwọn ọ̀gá méjèèjì fọwọ́ sí i. Omi ti fà nígbà náà. Ìyábọ̀dé gbé kúlà kọ́, ó gba orí pákó kọjá. Kó tó dé òkè ló ti gbọ́ ikọ́ ọmọdé láti ilé àkọ́kọ́. Ó wọlé, ó rí ojú pípọ́n, ó rí èèyi tó ti sú láti iwájú orí ọmọ náà dé àyà. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní ìgbóná, wọ́n sì ń fi osùn pa á. Ọmọ mìíràn wà ní ilé kejì. Ọkùnrin oníṣọ́bìrì ọjọ́sí ló wá gba kúlà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ katapílà. Ó ní, “Ẹ kú àbọ̀, Màmá,” ó sì kó àwọn ọmọ tirẹ̀ jáde síta.

Báyọ̀dé dé láti apá kejì, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi. Wọ́n kó àwọn tí èèyi ti mú sọ́tọ̀, wọ́n fún wọn ní fítámì fún ojú wọn, wọ́n sì ṣètò bí wọ́n ṣe máa gbé àwọn tí ara wọn gbóná jù lọ sí ọsibítù. Wọ́n fún àwọn yòókù lábẹ́rẹ́. Gbogbo ìgbà ni Ìyábọ̀dé ń wo apá ilé tó kángun sí odò.

Hamdalah wá nígbà tí èrò ti ń tán. Ó gbé Sìkírátù síwájú, ó jókòó, ó sì di ọwọ́ ọmọ náà mú kó má gbọ̀n. Ọmọ náà ké, ó dákẹ́.

“Ṣàfíù ńkọ́?” ni Ìyábọ̀dé béèrè.

Hamdalah ń tún ọmọ pọ̀n. Ó di ọ̀já náà dáadáa kó tó dáhùn.

“Ó ti lọ, Màmá. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Òun ló kọ́kọ́ mú.”

Ìyábọ̀dé wo kúlà tó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wo yìnyín tó ń yọ́ nínú rẹ̀. Ó wá na ọwọ́, ó sì di ọrùn ọwọ́ ọ̀dọ́bìnrin náà mú. Báwọn méjèèjì ṣe jókòó nìyẹn. Báyọ̀dé dìde, ó lọ dúró létí odò.

Nígbà tó yá, Hamdalah ní, “Màmá, ẹ̀rọ yẹn, ṣé ó wà lọ́wọ́ yín?”

“Ó wà.”

“Ẹ bá mi ká lọ.”

Ó mú un lọ sí ẹ̀yìn ilé, síbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀ lábẹ́ igi ìrosùn kékeré kan. Wọ́n ti to òkúta odò yí ibẹ̀ ká. Ilẹ̀ náà ṣì wú, kò tíì tẹ́ tán.

“Bàbá ẹ̀ ní yanrìn odò yìí ti ń tán,” ni Hamdalah sọ. “Tó bá yá, a máa kó lọ. Gbogbo wọn ló máa kó lọ. Koríko máa hù síbí. Mi ò mọ̀wé, mi ò sì mọ orúkọ ibí yìí, kò lórúkọ. Tí mo bá fẹ́ padà wá wò ó, kí ni mo máa sọ fún ọlọ́kadà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i fún mi.”

Ìyábọ̀dé yọ fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù bi í pé kí ló wà níbi tó dúró sí, ó sì to èyí tó lè mú jáde fún un: ilé, ilé ẹ̀kọ́, mọ́sálásí, ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà. Ó wo gbogbo rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni “òmíràn”. Ó mú un. Àyè wà láti kọ nǹkan sí i, ó sì kọ Ṣàfíù síbẹ̀.

“Ó ti wọlé?”

“Ó ti wọlé.”

Hamdalah wo ojú fóònù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. “Ẹ ṣé, Màmá,” ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, Promise ń to àwọn àmì tuntun lẹ́sẹẹsẹ. Ó ń kọ orin lábẹ́nu. Ó dánu dúró.

“Mọ́mì, ta ni Ṣàfíù? ‘Òmíràn’ lẹ mú. Kò sí òrùlé níbí.”

Ìyábọ̀dé sọ fún un. Kò sọ ọ́ gùn. Promise bo ẹnu.

“Wọn ò gba irú ẹ̀ lórí máàpù wa o,” ló sọ nígbà tó yá. “Tí wọ́n bá ń yẹ̀ ẹ́ wò lókè, wọ́n á ní àṣìṣe ni.”

“Mo mọ̀.”

“Ṣé kí n yọ ọ́?”

Ìyábọ̀dé ń wo àmì náà lójú kọ̀ǹpútà. Promise na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà, ó tún fà á padà. Ó ya àmì náà sọ́tọ̀ kúrò nínú èyí tó ń lọ sókè, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù Ìyábọ̀dé gan-an, èyí tó fi owó ara rẹ̀ rà. Ó wá dìde, ó ní òun fẹ́ lọ ra omi. Ó pẹ́ níta kó tó wọlé padà.

Kí ọdún tó parí, wọ́n fi orúkọ ibùdó náà sínú ètò àwọn ìhà méjèèjì, Báyọ̀dé ń lọ lóṣù kan, Ìyábọ̀dé ń lọ lóṣù kejì. Kò tún sí ọmọ tí èèyi pa níbẹ̀. Ìyábọ̀dé fún Sìkírátù ní abẹ́rẹ́ mẹ́ta sí i. Tó bá ti parí iṣẹ́, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà Hamdalah. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà, wọ́n á máa wo odò. Ọjọ́ tí Ìyábọ̀dé bá lọ síbẹ̀, kì í tan tẹlifíṣọ̀n tó bá délé.

Nígbà tó lọ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, kò bá ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti tú páànù, wọ́n ti kó pákó orí àbàtà pàápàá lọ, ẹsẹ̀ ló fi wọ́ inú omi. Eérú ibi ìdáná ṣì wà nílẹ̀. Ó rìn yí ká, ó dé ìdí òkúta odò, ó fa koríko díẹ̀ tu níbẹ̀. Ó gbé kúlà rẹ̀ padà bó ṣe gbé e wá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Promise wo ìlà ọ̀nà rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó rí ibi tó yí po sí.

Ìyábọ̀dé fẹ̀yìntì lọ́dún tó tẹ̀lé e. Wọ́n gé kéèkì fún un, wọ́n ya fọ́tò. Ó dá fóònù iṣẹ́ padà. Ìfẹ́olúwa ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Àbújá, ó lọ fún ìgbà díẹ̀, ó tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń wo Baruwa, ó sì padà.

Ó wà nínú ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí nọ́ńbà tí kò mọ̀ pè é.

“Màmá, èmi ni. Hamdalah. Mo wà ní ibùdókọ̀ Pleasure. Mi ò mọ bí mo ṣe máa débẹ̀.”

Ìyábọ̀dé wọ bàtà, ó gba kẹ̀kẹ́. Ó bá a lábẹ́ gádà pẹ̀lú Sìkírátù, tó ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, tó sì ń fa ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá láti àárọ̀. Hamdalah ti ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ níbẹ̀, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣì ń wa yanrìn kiri. Ó ní òun ti sọ fún un pé òun fẹ́ lọ wo ọmọ òun, kò dá òun lóhùn, òun sì wá.

Wọ́n lọ sí Ayọ̀bọ̀. Títì ti kọjá ibi tó ti ń parí tẹ́lẹ̀. Ìyábọ̀dé ṣí fóònù rẹ̀, ó ń tẹ̀lé ohun tó ń fi hàn án. Àbàtà kò sí mọ́, wọ́n ti da iyẹ̀pẹ̀ pupa dí i, ilé ti ń dìde níbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Fóònù mú wọn gba àárín ilé méjì, ó mú wọn yà, ó sì mú wọn dé ìdí ògiri búlọ́ọ̀kù kan tó ga ju ẹni lọ. Ibi tí wọ́n ń lọ wà ní inú ògiri náà, kò jìnnà rárá.

Mẹ́gàádì yọjú sí wọn lẹ́nu géètì. Ìyábọ̀dé kí i, ó ṣàlàyé fún un, ohùn rẹ̀ sì já gaara. Mẹ́gàádì náà fetí sílẹ̀ dé òpin. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dun òun, àmọ́ onílé kò sí, ó ti fi kọ́kọ́rọ́ lọ, inú ibẹ̀ kò sì ju iyẹ̀pẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù lọ. Kò sí igi ìrosùn kankan níbẹ̀ nígbà tí òun dé.

Hamdalah bi Ìyábọ̀dé pé apá ibo gan-an ni. Ìyábọ̀dé rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, ó ń wo fóònù, ó sì dúró.

“Ibí ló súnmọ́ ọn jù.”

Hamdalah bọ́ sálúbàtà rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú, ó ṣàdúrà, ó fi pa ojú. Sìkírátù ń wò ó, òun náà tẹ́ ọwọ́. Ìyábọ̀dé dúró sẹ́yìn wọn. Afẹ́fẹ́ ń gbé eruku búlọ́ọ̀kù, àwọn bíríkìlà sì ń kọrin nílé kejì.

“Ó tó, Màmá,” ni Hamdalah wí. “Ẹ jẹ́ ká máa lọ kí ọkọ̀ má baà tán.”

Ìyábọ̀dé bẹ̀ ẹ́ pé kó sùn sí Baruwa, yàrá kan ṣófo. Hamdalah ní ọ̀gá òun ń retí òun, aṣọ ọdún wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì rán. Wọ́n jẹ búrẹ́dì àti àkàrà ní ìdúró ní Pleasure. Wọ́n rí ọkọ̀ tó ń lọ sí ibi tí wọ́n ti máa wọ ti Ìsẹ́yìn. Sìkírátù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé ojú lé gíláàsì. Hamdalah di ọwọ́ Ìyábọ̀dé mú láti inú ọkọ̀ títí dírẹ́bà fi ní kí wọ́n tilẹ̀kùn.

“Ẹ máa pè mí,” ni Ìyábọ̀dé sọ.

“Mo máa pè yín, Màmá.”

Ọkọ̀ náà wọ àárín àwọn yòókù. Ìyábọ̀dé kò mọ èyí tó jẹ́ tiwọn mọ́. Ó dúró díẹ̀ sí i, àwọn èrò sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó wá sọdá títì, ó wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Baruwa, ó sì sún wọlé kí ẹlòmíràn lè jókòó.